Ẹ Bọ́ Bàtà Yín, Mọ́mì

Mọ́mì mi àtàtà,

Ẹ má bínú pé mi ò fi ìkíni gígùn bẹ̀rẹ̀. Ẹ mọ irú ọmọ tí ẹ bí. Tí ọ̀rọ̀ bá ti pọ̀, mo máa ń kọ́kọ́ to kókó ẹ̀ sílẹ̀ ni, ká mọ ibi tó ti bàjẹ́ ká tó wá ẹni tó máa sunkún. Torí náà, ẹ jẹ́ n sọ ohun tó bàjẹ́ fún yín, kí n sì sọ ẹni tó mọ̀.

Káyọ̀dé, ọkọ mi tí ẹ fọwọ́ ara yín súre fún, kò ṣiṣẹ́ mọ́. Wọn ò lé e o. Ó kàn jí láàárọ̀ ọjọ́ kan ni, ó ní ọ̀gá òun ń wo òun bákan, kò sì padà síbẹ̀ mọ́. Ìyá ẹ̀ mọ̀. Àǹtí Bísí, àbúrò yín, mọ̀. Èmi ni mo ń sọ fáyé pé ó ti dá dúró, pé ó ń gba àwọn ilé iṣẹ́ nímọ̀ràn. Ìmọ̀ràn wo? Ẹni tí mo ń fi fóònù jí láti ọ́fíìsì, tí mo ń bi pé ṣé ó ti fọ ẹnu.

Ẹ̀kọ́ orí kọ̀ǹpútà tó ní òun ń ṣe, èmi ni mo ṣe é. Èmi ni mo ka ìwé, èmi ni mo jókòó sí ìdánwò. Orúkọ ẹ̀ ló wà lára ìwé ẹ̀rí tó gbé kọ́ sára ògiri pálọ̀ yín. Òun mọ̀, èmi náà mọ̀, a sì jọ dúró níwájú ẹ̀, a ya fọ́tò, a ń rẹ́rìn-ín.

Tó bá bá ìyá ẹ̀ jà, èmi ni mo máa ń mú fóònù ẹ̀ tí mo máa kọ ọ̀rọ̀ ẹ̀bẹ̀ ránṣẹ́. Ìyá ẹ̀ mọ̀ pé èmi ni, torí kò sígbà kan tí ọmọ ẹ̀ béèrè bí orúnkún ẹ̀ ṣe ń ṣe é rí. Síbẹ̀, á dáhùn, á ní Ọlọ́run á bù kún ẹ, Káyọ̀dé ọmọ mi.

Lẹ́yìn náà ni mo wa mọ́tò wọ ọgbà ẹlòmíràn. Oúnjẹ ọ̀sán ni mo sáré gbé lọ fún un láti ibi iṣẹ́, mo sì fẹ́ padà kí ìpàdé mi tó bẹ̀rẹ̀. Bí mo ṣe ń sọ̀ kúrò lórí freeway, ọ̀nà márosẹ̀ Houston yìí, oorun gbé mi. Mo fọ́ ọgbà, mo lọ dúró sára igi. Kò séwu fún ẹnikẹ́ni, ẹ má mikàn. Àwọn tó gbé mi dé ọsibítù bi mí pé ta ni kí àwọn pè. Mo ní kí wọ́n má pe ẹnì kankan, pé ọkọ mi ń sinmi. Ìgbà tó yá ni mo rántí pé ibì kan fẹ́ fi ọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò nípa iṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Mo gba fóònù. Lórí bẹ́ẹ̀dì, pẹ̀lú nǹkan líle tí wọ́n fi dè mí lọ́rùn, mo pe ilé iṣẹ́ náà. Mo ní ẹ jọ̀ọ́, kò ní lè wá lónìí, inú ń run ún.

Inú ń run ún. Mọ́mì, ṣé ẹ rántí gbólóhùn yẹn? Ohun tí ẹ máa ń sọ fún ọ̀gá Dádì nìyẹn láwọn àárọ̀ tí ọtí ò bá jẹ́ kó lè dìde. Ohùn yín gan-an ló jáde lẹ́nu mi, pẹ̀lú ẹ̀rín kékeré tó máa ń wà níparí ẹ̀, kí ẹni tó wà lódìkejì má bàa bínú.

Nọ́ọ̀sì tó dúró tì mí gbọ́. Aláwọ̀ dúdú ará ibí ni wọ́n, wọ́n á tó yín lọ́jọ́ orí. Wọ́n gba fóònù lọ́wọ́ mi, wọ́n gbé e sórí tábìlì tí ọwọ́ mi ò tó. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ìwọ ńkọ́? Ta ló máa ń bá ẹ pe ọ̀gá tìẹ?"

Mo tún na ọwọ́ sí fóònù náà. Wọ́n ní kí n lọ wá ẹni tí mo máa bá sọ̀rọ̀, kí n má sì jẹ́ kó pẹ́. Bí mo ṣe sùn síbẹ̀ ni nǹkan kan bẹ̀rẹ̀ sí í rí mi lára. Kì í ṣe Káyọ̀dé ló ń rí mi lára. Ohùn mi ni. Bí mo ṣe ń mọ irọ́ pa ni, bó ṣe ń jáde láìkọsẹ̀, bí omi ẹ̀rọ.

Ẹ̀ẹ́ rò pé ẹni tó bá fẹ́ wá ìrànlọ́wọ́ nílùú Houston, tí gbogbo ìlú jẹ́ ọsibítù yìí, kò ní pẹ́ kó tó rí i. Ẹ gbọ́ ohun tójú mi rí.

Ṣọ́ọ̀ṣì ni mo kọ́kọ́ lọ. Mo lọ bá Ìyá Ìjọ lẹ́yìn ìsìn, mo bọ́ sí kọ̀rọ̀ pẹ̀lú wọn, mo ní kó jẹ́ àárín àwa méjèèjì. Wọ́n gbọ́ mi dáadáa. Wọ́n gbọ́wọ́ lé mi lórí, wọ́n ní kò sí ọkọ tí kò ní kùdìẹ̀-kudiẹ, kí n gbààwẹ̀, kí n fara dà á. Ọwọ́ wọn ò tíì kúrò lórí mi tí wọ́n fi béèrè bóyá mo ti bá àwọn tó ń yáni ní àga sọ̀rọ̀ fún ìkórè. Mo ti bá wọn sọ̀rọ̀. Ohun tó bí mi nínú jù nìyẹn, pé mo ti bá wọn sọ̀rọ̀.

Nígbà tó di ìpàdé àdúrà, wọ́n gbé mi ka iwájú Olúwa. Wọ́n ní kí Olúwa rántí arábìnrin wa kan, tí ọkọ ẹ̀ jókòó sílé, tó wa mọ́tò wọ ọgbà onígi, tí ilé ìyá ẹ̀ wà ní Pearland, tó máa ń bá wa ṣètò ìkórè. Ó kù kí wọ́n pe nọ́ḿbà mọ́tò mi. Gbogbo ìjọ ṣàmín, wọ́n sì yíjú wò mí. Arákùnrin kan tó jókòó lẹ́yìn mi fọwọ́ kàn mí léjìká, ó ní òun náà ti wọ ọgbà rí.

Mo wá ṣe é bí mo ṣe ń ṣe iṣẹ́. Ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ mi nílé iṣẹ́ wa kò ju pé kí n wá ẹni tó lè ṣe nǹkan, kí n bi í ní ìbéèrè, kí n mú èyí tó mọ̀ ọ́n, kí n sì fi èyí tí ò mọ̀ ọ́n sílẹ̀. Mo ní kò lè le. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn tẹ́rápísìtì, àwọn tí iṣẹ́ wọn ni láti máa gbọ́ tẹnu èèyàn kí wọ́n sì bá a tún inú ṣe. Ẹ̀rọ ló ń dá mi lóhùn. Ẹ̀rọ ní bí ẹ̀mí mi bá wà nínú ewu, kí n gbé fóònù sílẹ̀, kí n pe ibòmíràn. Àwọn kan ní àyè ò sí títí di ìgbà òtútù. Àwọn kan ní àwọn kì í gba irú ìnṣọ́ránsì mi. Ọ̀kan pè mí padà, a rí ara wa lórí kọ̀ǹpútà, ó ń jẹ ewébẹ̀ nínú abọ́ bí mo ṣe ń sọ ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó mi fún un. Òmíràn ní kí n gé gbogbo ẹbí mi kúrò lára, bí ẹni ń gé èékánná. Ó ní tí Àǹtí Bísí bá pè, kí n má gbé e. Mo bi í pé ṣé ó ti rí Àǹtí Bísí rí. Àǹtí Bísí tí ẹ ò bá gbé fóònù wọn, ẹnu ilẹ̀kùn yín lẹ máa ti rí wọn.

Mo jókòó, mo ronú bí oníṣòwò. Mo ní ohun tó ń dà mí láàmú ni pé mo ń fi gbogbo àkókò ṣàlàyé. Kí ni wọ́n ń pè ní àkọ́bí obìnrin, kí ló dé tí mi ò lè sọ pé rárá fún ìyá ọkọ mi, kí ló dé tí àǹtí mi ní kọ́kọ́rọ́ ilé mi. Mo ní kí n wá Yorùbá. Tó bá jẹ́ Yorùbá, ìdajì ọ̀rọ̀ ni mo máa sọ, tó bá dénú ẹ̀ á di odindi. Èrò ọlọ́gbọ́n. Òun ló wá jẹ́ àṣìṣe tó burú jù.

Àǹtí Rẹ̀mí lorúkọ tẹ́rápísìtì Yorùbá tí mo rí, ọ́fíìsì wọn wà ní Gulfton, lókè àtẹ̀gùn, láàárín àwọn apartment, ilé àyágbé tí aṣọ ń gbẹ lójú fèrèsé wọn. Obìnrin tó kàwé, tó nírírí. Bí mo ṣe wọlé, mo rí wọn pẹ̀lú awò ojú lórí irun bíi tiyín, orúnkún mi kanlẹ̀ kí n tó mọ̀. Ẹ káàárọ̀, ma. Wọ́n ní dìde, ọmọ mi. Ó ti bàjẹ́ látibẹ̀, Mọ́mì. Báwo lèèyàn ṣe máa jókòó síwájú àgbà kó sọ pé inú ń bí òun sí ìyá òun? Tí mo bá dé ibi tí ọ̀rọ̀ ti le, màá fi ẹ̀rín gbé e kúrò. Màá ní ṣùgbọ́n mo dúpẹ́ ṣá, ma.

Lọ́sẹ̀ kejì, mo gbé mọ́ín-mọ́ín lọ fún wọn. Mi ò lè lọ bá àgbà lọ́wọ́ òfìfo. Wọ́n jẹ ẹ́, wọ́n ní ó dùn. Ẹ mọ ohun tí "ó dùn" máa ń ṣe mí. Nígbà tó yá, ọmọbìnrin tó ń bá wọn gbé fóònù fiṣẹ́ sílẹ̀. Wọ́n ní kí n jọ̀ọ́ bá àwọn dáhùn ìpè ẹyọ kan. Mo dáhùn méjì. Mo rí i pé bí wọ́n ṣe ń to àwọn aláìsàn wọn kò mọ́yán lórí, mo bá wọn tún un tò. Mo bá wọn wá akọ̀wé. Mo fi mọ́tò gbé wọn lọ sí Rosenberg lọ gba mọ́tò wọn lọ́wọ́ mẹkáníìkì, mo sì bá mẹkáníìkì yẹn jà títí tó fi sọ òótọ́. Wọ́n ń sọ pé, "Ọmọ dáadáa ni ẹ́. Ìyá ẹ tọ́ ẹ." Mo máa ń padà sílé pẹ̀lú ayọ̀, mo máa ń sọ pé ìtọ́jú yìí ti ń ṣiṣẹ́ lára mi.

Ní ọjọ́ kan, mo jókòó sí iyàrá ìdúró, àkókò mi ti tó. Ọmọdébìnrin kan wà níbẹ̀ tó ń sunkún, mo ti fún un ní omi, mo ti mọ orúkọ bàbá ẹ̀. Àǹtí Rẹ̀mí ṣílẹ̀kùn. Wọ́n wò mí, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí n bá àwọn parí ètò ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Wọ́n sì pe ọmọ yẹn wọlé sí àkókò tèmi. Wọ́n ti gbàgbé. Èmi náà, Mọ́mì, mo ti tẹ kọ̀ǹpútà wọn dé ìdajì kí n tó rántí pé èmi ni aláìsàn.

Mo wo ọwọ́ mi lórí kọ̀ǹpútà onítọ̀hún. Mo dìde, mo pa á, mo sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Ẹ mọ ohun tó burú jù? Nígbà tí mo dé inú mọ́tò, ohun tí mo kọ́kọ́ rò ni pé ta ló máa bá wọn parí ètò yẹn.

Tẹ́rápísìtì tí mo ń lọ bá báyìí ń jẹ́ Marisol. Rosenberg ló wà, ó jìnnà, mo sì ń bú freeway lọ, mo ń bú u bọ̀. Ìdí tí mo fi mú un ni pé àyè wà lọ́jọ́ kejì. Kò jù bẹ́ẹ̀. Àwọn òbí ẹ̀ wá láti Mẹ́síkò. Ó kéré sí mi, torí náà kò sí ìkúnlẹ̀. Mo gbé ṣin-ṣín lọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó dúpẹ́, ó ní kí n gbé e padà sínú mọ́tò, pé èmi ni kí n jẹ ẹ́. Mo jẹ ẹ́ tán lójú ọ̀nà pẹ̀lú ìbínú.

Òun ló sọ orúkọ ohun tó ń ṣe mí. Codependency ni wọ́n ń pè é. Ó ní ó túmọ̀ sí pé mo ti fi ara mi ṣe ẹsẹ̀ fún ẹni tó lẹ́sẹ̀, débi pé tó bá dìde rìn, èmi ló máa dà bíi pé mo ṣubú. Mo ní ìyẹn kì í ṣàìsàn, ìyẹn là ń pè ní ìwà. Ó ní ta ló kọ́ mi. Inú bí mi. Mo ní kó fi ìyá mi sílẹ̀ o, pé nọ́ọ̀sì ni yín, pé ẹ tọ́ wa, ẹ tọ́jú ọkọ, ẹ gbé àbúrò yín wá láti ilé, ẹnikẹ́ni ò sì wá yín tì rí. Mo gbèjà yín débi tí mo fi ń la ọwọ́ mọ́ àga.

Mo wá sọ ti bàtà fún un. Bí ẹ ṣe máa ń ti iṣẹ́ alẹ́ dé láàárọ̀, pẹ̀lú bàtà funfun àwọn nọ́ọ̀sì yẹn, ẹ̀ẹ́ pe ọ̀gá Dádì, ẹ̀ẹ́ din ẹyin fún Dádì, ẹ̀ẹ́ gbé wa dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwé. Tí ẹ bá padà, àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn ni, ẹ̀ẹ́ fẹ̀yìn tì í, ẹ̀ẹ́ dijú, bàtà á ṣì wà lẹ́sẹ̀ yín. Mo bi yín nígbà kan, ẹ ní tẹ́nìkan bá pe yín, kí ẹ má bàa máa wá bàtà kiri. Mo rò pé ìtàn tó dùn ni mo ń sọ. Mo ń rẹ́rìn-ín.

Marisol ò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìgbà wo ni ìyá ẹ máa ń sùn?"

Mo ronú kan láàárọ̀, mo ronú kan lọ́sàn-án, mo ronú kan ní Sọ́ńdè. Mi ò rí i. Mọ́mì, ìgbà wo lẹ máa ń sùn?

Nígbà tí mo délé, mo pe Dádì ní Abẹ́òkúta, mo bi wọ́n ní ìbéèrè kan náà. Ẹ má bínú. Wọ́n ní kí n dúró ná, kí àwọn dín iná kù. Mo ní iná wo? Wọ́n ní àwọn ń se ẹ̀fọ́ ni. Dádì. Dádì tí kò mọ ibi tí ṣíbí wà nínú ilé yìí. Wọ́n ní wọ́n máa ń sè é lọ́jọ́ méjì méjì. Wọ́n ní àwọn ò mutí mọ́ pàápàá, pé ní àdúgbò àwọn, tí àwọn èèyàn bá bá àwọn nílẹ̀ pẹ̀lú ọtí, wọn ò ní pe ọ̀gá kankan, wọ́n á kàn máa fi àwọn rẹ́rìn-ín ni. Mi ò tiẹ̀ gbọ́ ìyókù. Mo bi wọ́n pé níbo ni wọ́n ti kọ́ ọbẹ̀.

Wọ́n ní, "Mo mọ̀ ọ́n sè kí n tó fẹ́ ìyá ẹ. Kò jẹ́ kí n wọ kíṣìnnì ni. Mo ní lọ sùn, Ìyá Ọlá, lọ sùn. Ṣé o rò pé ó gbọ́?"

Ó rí mi lára. Ó rí mi lára débi tí mo fi gbé fóònù jìnnà sí etí. Ọkùnrin tí ẹ fi gbogbo ọjọ́ ayé yín gbé rù, ó dúró sídìí ààrò, ó ń ro ẹ̀fọ́, ó ní òun mọ̀ ọ́n látìbẹ̀rẹ̀. Ṣé irọ́ ni wọ́n ń pa, Mọ́mì? Mo fẹ́ kó jẹ́ irọ́. Tó bá jẹ́ irọ́, wọ́n jẹ́ ẹni burúkú, ẹ sì jẹ́ ẹni mímọ́, màá mọ ẹni tí mo máa bínú sí. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ òótọ́ ńkọ́? Kí lẹ wá ń ṣe nínú bàtà yẹn ní gbogbo ọjọ́ yẹn? Kí sì lèmi náà ń ṣe?

Ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo ní kí Káyọ̀dé máa lọ. Mi ò pariwo. Mo ní kó lọ bá ọ̀rẹ́ ẹ̀ ní Gulfton, kó lọ wá bó ṣe máa jí fúnra ẹ̀. Ó sunkún, mo sì jẹ́ kó sunkún, ọwọ́ mi wà lábẹ́ itan mi kó má bàa lọ nù ún lójú. Ẹ má rò pé èèyàn burúkú ni. Òun ló máa ń fọ irun mi fún mi. Òun nìkan ló lè mú mi rẹ́rìn-ín nínú ọ̀rọ̀ owó orí. Mo fẹ́ràn ẹ̀ débi pé kò sí nǹkan kan tó kù tí ó lè fi ọwọ́ ara ẹ̀ ṣe. Ṣé ìfẹ́ nìyẹn? Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Mọ́ńdè, ó pè mí láti Gulfton, ó ń bi mí pé níbo ni ìbọ̀sẹ̀ òun dúdú wà nínú báàgì tí òun fọwọ́ òun dì. Mo mọ ibẹ̀. Ìsàlẹ̀ pátápátá, lápá òsì, nínú bàtà. Mi ò sọ. Òógùn bò mí bí ẹni tó ń gbé àpò ìrẹsì, ṣùgbọ́n mi ò sọ. Nígbà tó yá, ó ní òun ti rí i.

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Àmọ́ ẹ mọ̀ pé àyájọ́ ìrántí yín ni Sátidé tó ń bọ̀ yìí, gbogbo wa ló máa wá sí ibojì yín. Àǹtí Bísí ti ṣètò. Wọ́n ti sọ fún Káyọ̀dé kó wá, wọ́n ti sọ fún ìyá ẹ̀, wọ́n ti sọ fún Ìyá Ìjọ. Tí wọ́n bá gbàdúrà tán, Káyọ̀dé á dọ̀bálẹ̀ níwájú òkúta yín, wọ́n á ní kí n fọwọ́ gbé e dìde, ká jọ wọ mọ́tò kan náà lọ sílé. Kò sẹ́ni tó bi mí. Mo gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó fẹ́ kí n bá wọn pèsè àga.

Mo pe Àǹtí Bísí. Mo ní mi ò ṣe é. Wọ́n bá gbé yín jáde. Wọ́n ní, "Ìyá ẹ wá bá mi lójú àlá. Ó dúró, kò jókòó. Ó wọ bàtà ẹ̀ funfun. Ó ní kí n sọ fún ọmọ òun pé òun ò tíì sùn nítorí ilé ẹ̀."

Kò sẹ́ni tó mọ̀ nípa bàtà yẹn lẹ́sẹ̀ yín àfi èmi àti Àǹtí, torí àwa méjèèjì la wọṣọ fún yín kí wọ́n tó sin yín. Wọ́n gbé bàtà oníwúrà wá, èmi ni mo ní rárá, mo ní funfun yẹn ni, kò ní rẹ̀ yín lẹ́sẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo wọ̀ ọ́ fún yín, mo so okùn ẹ̀ ní ìdè méjì, bí ẹ ṣe máa ń so ó. Mo rò pé inúure ni mo ń ṣe.

Mọ́mì, ṣé ẹ̀yin lẹ rán wọn? Àbí Àǹtí ló fẹ́ kí nǹkan padà sí bó ṣe wà, kí ẹnì kan lè máa wà tí wọ́n á máa pè? Mo bi Marisol. Mo ṣàlàyé fún un pé nílẹ̀ wa, tí a bá sin òkú, a máa ń pàṣẹ fún un. A ní má sùn o. A ní má jọ̀kùn, má jekòló, ohun tí wọ́n bá ń jẹ lọ́run ni kó o bá wọn jẹ, ṣùgbọ́n má sùn, máa ṣọ́ wa. Mo ní gbogbo wa la sọ ọ́ létí kòtò yín, ohùn tèmi ló ròkè jù. Ó ní, "Lẹ́yìn tí kò sùn ní gbogbo ayé ẹ̀?"

Nínú mọ́tò, lójú ọ̀nà padà, mo la ẹnu mo sunkún, nígbà àkọ́kọ́ látìgbà tí ẹ ti lọ. Mo rántí ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ gbẹ̀yìn fún mi lórí bẹ́ẹ̀dì, nínú ọsibítù tí ẹ ti ṣiṣẹ́. Ẹ dì mí lọ́wọ́ mú, ẹ ní, "Ìwọ lo máa dípò mi. Má jẹ́ kí wọ́n wá mi tì." Mo ní ẹ̀ẹ́ rí i, Mọ́mì. Mo sì gbìyànjú. Wọn ò wá yín tì. Gbogbo wọn ń wá yín, wọ́n sì ń bá mi.

Ó tó. Ẹ gbọ́ ohun tí mo fẹ́, mi ò ní sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ mọ̀ pé mi ò fẹ́ràn kí nǹkan máa falẹ̀. Mo ń dá iṣẹ́ tí ẹ gbé fún mi padà. Mi ò sì ní gbé e fún àbúrò kankan, kó má bàa wá wọ bàtà yẹn. Ní Sátidé, tí wọ́n bá ń sọ pé má sùn, èmi ò ní bá wọn sọ ọ́. Tí Káyọ̀dé bá dọ̀bálẹ̀, mi ò ní fọwọ́ gbé e. Ọwọ́ méjèèjì ló ní, á tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, á dìde. Tó bá ti ń dìde fúnra ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, bóyá a tún lè jókòó sọ̀rọ̀, tàbí ká má sọ ọ́. Ti àwa méjèèjì nìyẹn.

Tiyín nìyí. Kó tó di àárọ̀ Sátidé, kí mọ́tò wọn tó bẹ̀rẹ̀ sí í dé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tú ìdè méjì yẹn. Èmi ni mo so ó, èmi náà ni mo ní kí ẹ tú u. Ẹ bọ́ bàtà, ẹ gbé e síbi tó jìnnà sí ẹsẹ̀ yín. Tí Àǹtí Bísí bá pè yín, ẹ má dáhùn. Tí Dádì bá pè yín, ẹ̀fọ́ wọn ti ń hó. Témi náà bá gbàgbé, tí mo pè yín, ẹ jẹ́ kí n wá yín tì.

Ẹ sùn, Mọ́mì. Ó pẹ́ jù, Sátidé ni mo dá fún yín.

Èmi ni,
Ọlá, ọmọ yín, ẹni tó fẹ́ràn yín débi pé kò ní jí yín mọ́.